Gbígbé ẹ́ńjìn 1.8T sínú Golf 4 GTI tí kò ní tọ́bò, láì jẹ́ kó di ilé adìẹ

Ẹ wọ ọgbà mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Adó-Èkìtì, kẹ́ ẹ yọjú sẹ́yìn, níbi tí koríko ti ń bo táyà mọ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí Golf 4 kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wáyà yọ síta bí ìfun ewúrẹ́, tí adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tó ṣe é. Wọ́n á ní ẹni tó ni ín ló fẹ́ kó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìn kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ó ra ẹ́ńjìn ní Ládípọ̀, wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀, ó jókòó dáadáa, wọ́n sítáàtì rẹ̀, ó dún fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó kú. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún dún, ó tún kú. Oṣù mélòó kan ti kọjá lórí ẹ̀ báyìí.

Kò sí àìsàn lára ẹ́ńjìn yẹn. Ìyàwó tí wọ́n gbé wálé láìkó ẹrù rẹ̀ wá ni. Bí a ṣe ń kó ẹrù náà pé àti bí a ṣe ń tò ó sípò ni mo fẹ́ sọ, ìpele sí ìpele, fún ẹni tó ní Golf 4 GTI 2.0 tó sì fẹ́ sọ ọ́ di 1.8T, ìyẹn ẹ́ńjìn lítà 1.8 tó ní tọ́bò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Àmì GTI ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Volkswagen ta Golf 4 GTI tó ń lo ẹ́ńjìn 2.0 oní-fáàfù mẹ́jọ, agbára ẹṣin 115, tí kò ní tọ́bò rárá. Wọ́n sì tún ta èyí tó ń lo 1.8T, agbára ẹṣin 150 tàbí 180. Àmì kan náà ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ èyí tó ń yí gíà fúnra rẹ̀ (automatic) ni tiyín, ẹ dúró ná: iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, gíàbọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́rin tó wà nínú 2.0 kì í pẹ́ bàjẹ́ kódà lábẹ́ ẹ́ńjìn rẹ̀ àtilẹ̀wá. Ọlọ́gíà ọwọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ ó ti ní nílẹ̀ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́

Olórí gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìn yóò ti wá. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má ra ẹ́ńjìn, kí wọ́n ra ìdajì ọkọ̀: iwájú Golf 4, Jetta, Bora, Beetle tàbí Audi A3 ìgbà náà tí wọ́n gbá lẹ́yìn nínú ìjàǹbá. Ẹ ó rí irú rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Owódé Onírin. Ó wọ́n ju ẹ́ńjìn lásán lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìn) lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀, intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) lọ́tọ̀ rí, tó wá san owó ọkọ̀ láti Èkìtì lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹrin, mọ èyí tó wọ́n jù.

Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà lórí ìlẹ̀mọ́ ara ìdérí tàímìnnì bẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi wé èyí tí wọ́n lù sára bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìn àti gíàbọ́ọ̀sì ti pàdé. AWD àti AWW jẹ́ ti Amẹ́ríkà, agbára ẹṣin 150. AWP jẹ́ 180. AGU ti Yúróòpù, 150 lòun náà. Bí lẹ́tà orí ìlẹ̀mọ́ àti ti ara bulọ́ọ̀kù kò bá bára mu, ẹni kan ti pa ẹ́ńjìn méjì pọ̀. Ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mi ò lè fi falẹ̀. Ẹ má ra 1.8T ti Passat B5 tàbí Audi A4. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Àmọ́ gígùn ni ẹ́ńjìn náà ń dúró nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Nínú Golf, ìbú ló ń dúró. Sítìnnì tí ẹ́ńjìn ń jókòó lé, ibi tí tọ́bò kọrí sí, àwo ọ́ìlì, páìpù omi, gbogbo ẹ̀ ló yàtọ̀. Mo ti rà á rí fún oníbàárà kan láti Ìkẹ́rẹ́. Mo sanwó ọkọ̀ ẹrù lọ, mo sanwó ọkọ̀ ẹrù bọ̀, ẹni tó tà á fún mi sì gbà á padà ní ìdajì owó pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ẹrù ìyàwó nìyí. Ẹ kà á níwájú ẹni tó ń tà á, kí ó tó gbowó:

- Bréènbọ́ọ̀sì, mítà dáṣíbọ́ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́, látara ọkọ̀ kan ṣoṣo náà. Mẹ́ta ni, ẹ má gba méjì.
- Wáyà ẹ́ńjìn lódindi, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé ẹnu rẹ̀.
- Ẹsẹ̀ tọ̀rọ́tù inú ọkọ̀, pẹ̀lú wáyà rẹ̀.
- Tọ́bò pẹ̀lú páìpù ọ́ìlì àti ti omi tó ń wọ inú rẹ̀, àti páìpù sílẹ́ńsà tó so mọ́ ọn.
- Intercooler, gbogbo hóòsì àti páìpù rẹ̀, àpótí afẹ́fẹ́ àti sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀.
- Gíàbọ́ọ̀sì, fúláìwíìlì, kúlọ́ọ̀ṣì, ṣáfútù méjèèjì.
- Sítìnnì ẹ́ńjìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rédíétọ̀ àti fáànù.
- Búréèkì iwájú.

Tuntun ni kí ẹ ra àwọn wọ̀nyí: tàímìnnì bẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ohun tó ń fà á le, wọ́tà pọ́ḿpù, bóòtù fúláìwíìlì, síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìn, gásíkẹ́ẹ̀tì, púlọ́ọ̀gì, fílítà, ọ́ìlì, àti hóòsì rọ́bà tín-ín-rín bíi mítà mẹ́ta. Nínú irinṣẹ́, ṣéènì bulọ́ọ̀kù, sípáná tó ń ka agbára ìfúnpọ̀, géèjì kọ́mpíréṣàn, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní VCDS, sọ́fítíwia tí a fi ń bá ọkọ̀ Volkswagen sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ síkáànù kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri yóò ka kóòdù fún yín, ṣùgbọ́n kò ní lè bá immobilizer, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí olè gbé ọkọ̀, sọ̀rọ̀.

Ẹ gba risíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìn wà lórí rẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ìpele 1: Ẹ yẹ ẹ́ńjìn wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun dúdú tó ki bí ọ̀dà bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìn yẹn ti jẹ ìyà ọ́ìlì burúkú, àìsàn tí a mọ̀ mọ́ 1.8T sì nìyẹn. Ẹrẹ̀ ọ́ìlì á dí ẹnu ọ̀pá tó ń fa ọ́ìlì, tọ́bò ni yóò sì kọ́kọ́ kú.

Ẹ tú hóòsì ẹnu tọ́bò, kẹ́ ẹ fi ìka di orí ọ̀pá àárín rẹ̀ mú. Bó bá mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò burú. Bó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ ti ń ha ara ilé tó yí i ká, tọ́bò ti lọ. Ẹ dín in kúrò nínú owó.

Lẹ́yìn náà, kọ́mpíréṣàn, ìyẹn agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ihò rẹ̀. Ẹ so bátìrì mọ́ sítátà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wọn ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìn tó ṣì le yóò fún yín ní bar 10 sí 13. Èyí tó bá wà lábẹ́ 7, kí ẹ fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ihò kan àti èkejì kò sì gbọdọ̀ ju bar 3 lọ. Òǹtajà tó bá ní kò sáyè fún èyí, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà mẹ́rin kọ sílẹ̀ nínú ìwé yín, lẹ́tà ẹ́ńjìn bára mu, ẹrù pé.

Ìpele 2: Yíyọ ti àtijọ́

Iṣẹ́ yìí ni gbogbo mẹkáníìkì mọ̀, torí náà mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ da omi àti ọ́ìlì sílẹ̀ sínú garawa, ẹ tú bọ́ńpà, iná iwájú àti pánẹ́ẹ̀lì iwájú kúrò pátápátá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò ní kò pọn dandan. Wákàtí kan ni wọ́n fẹ́ fi pa mọ́, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ó sì fi máa yí ẹ́ńjìn sọ́tùn-ún sósì nínú àyè tí kò gbà á, tí wọ́n á fi ha kọ́ńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ má ṣí páìpù gáàsì amúlétutù. Ẹ tú kọ́ńpírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìn, kẹ́ ẹ fi okùn so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú hóòsì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́ḿpù sítíárìn.

Kí ẹ tó fa wáyà kankan yọ, ẹ fi fóònù yà á. Ẹ lẹ bébà mọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bóòtù ibi kan, nínú ọ̀rá kan. Èyí tí ẹ bá rò pé ẹ ó rántí ni ẹ ó kọ́kọ́ gbàgbé.

Nípa ṣéènì bulọ́ọ̀kù: mo mọ̀ pé igi máńgòrò wà nínú ọgbà yín, mo sì mọ̀ pé ó ti gbé ẹ́ńjìn púpọ̀ rí. Ẹ́ńjìn àti gíàbọ́ọ̀sì pa pọ̀ ju kílò 150 lọ. Ẹ̀ka tó gbé e lọ́dún tó kọjá lè ti rà nínú lónìí. Ẹ fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ orí bọ sábẹ́ rẹ̀ bó ti ń rọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ihò ẹ́ńjìn ṣófo, ó mọ́, kò sí wáyà kan tí kò ní bébà lára.

Ìpele 3: Ìtọ́jú ẹ́ńjìn tuntun nígbà tó ṣì wà nílẹ̀

Ohun tí ẹ ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe nísinsìnyí, ọjọ́ méjì ló máa gbà bó bá ti wọ inú ọkọ̀.

Tàímìnnì bẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ní Jámánì. Bí bẹ́ẹ̀tì yìí bá já, fáàfù ogún ló wà nínú ẹ́ńjìn náà, písítìnnì yóò sì gbá wọn tẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ḿpù, torí náà ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ sì ra pọ́ḿpù tí abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ jẹ́ irin. Abẹ ọlọ́ràá máa ń fọ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì máa wá ohun tó ń mú kí ọkọ̀ gbóná kiri.

Ẹ yí ẹ́ńjìn padà, ẹ tú àwo ọ́ìlì. Ẹ yọ ọ̀pá tó ń fa ọ́ìlì, ẹ gbé àwọ̀n rẹ̀ sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá dáadáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ooru máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì jóná mọ́ inú rẹ̀ bí èépá orí ìkòkò.

Síìlì ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà fúláìwíìlì. Bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, torí pé èyí tí wọ́n ti fún rí ti nà. Ẹ fún wọn dé 60 Nm lápẹẹrẹ àgbélébùú, kẹ́ ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi agbára apá ṣe é, tí fúláìwíìlì yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù lójú ọ̀nà Ìfàkì.

Púlọ́ọ̀gì tuntun, àlàfo ẹnu rẹ̀ 0.7 sí 0.8 mm. Àlàfo tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tọ́bò á fẹ́ iná rẹ̀ pa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi sípáná yí ẹ́ńjìn pẹ̀lú ọwọ́, ìyípo méjì gbáko. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan, àmì tàímìnnì lókè àti nísàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà sójú ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá há, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ padà sí bẹ́ẹ̀tì.

Ìpele 4: Wíwọlé

Ẹ so ẹ́ńjìn àti gíàbọ́ọ̀sì pọ̀ nílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Sítìnnì apá ọ̀tún, ti apá òsì, lẹ́yìn náà èyí tó wà nísàlẹ̀ tó dà bí eegun ajá. Ẹ má fún ìkankan pa títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi wọ ihò wọn. Ẹ mi ẹ́ńjìn síwá sẹ́yìn kó wá ibi tó fẹ́ jókòó sí, nígbà náà ni kí ẹ fún un. Ẹ́ńjìn tí wọ́n fipá mú jókòó ni yóò máa gbọ̀n sítíárìn lọ́wọ́ yín nígbà tí ọkọ̀ bá dúró síbi iná ojú pópó.

Ẹ wọn ojú tí ṣáfútù fi ń so mọ́ gíàbọ́ọ̀sì kí ẹ tó gbé e sí i. Ti 2.0 àti ti 1.8T kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kó ti ọkọ̀ kejì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìn ti wá, wá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gíà márùn-ún àti ti ẹ̀yìn wọlé wẹ́rẹ́, kúlọ́ọ̀ṣì gbéra padà lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sí ibi tí irin ti kan irin.

Ìpele 5: Wáyà, bréènbọ́ọ̀sì àti kọ́kọ́rọ́

Ibí ni adìẹ ti ń rí ilé.

Ẹ wo ẹ́ńjìn 2.0 tí ẹ yọ. Bí wáyà irin bá wà tó ti inú ọkọ̀ wá fa ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀, wáyà gidi ni ẹsẹ̀ tọ̀rọ́tù yín ń fà. AWW àti AWP kò ní wáyà irin. Sẹ́ńsọ̀ ni ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀, bréènbọ́ọ̀sì ló ń pàṣẹ fún mọ́tò kékeré tó ń ṣí ẹnu afẹ́fẹ́. Torí náà, ẹ tú ẹsẹ̀ tọ̀rọ́tù àtijọ́, ẹ fi ti ọkọ̀ kejì rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa wáyà rẹ̀ gba inú ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti rí réwáyà kan tó ń gbìyànjú láti fi wáyà irin fa èyí tó ń lo mọ́tò. Kò ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó fọ́ ọ.

Bréènbọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ibi tí wáípà ti ń ṣiṣẹ́, nínú àwo tó ń gba omi òjò. Kí ẹ tó gbé tuntun síbẹ̀, ẹ kó ewé àti ìdọ̀tí tó dí ihò omi nísàlẹ̀. Òjò Èkìtì kì í fi ojú rere wo bréènbọ́ọ̀sì.

Ẹ gbé àwòrán wáyà ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀, ti ọdún tirẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ máa fi bírò fà á lẹ́nu bí ẹ ti ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gba àwọ̀ wáyà gbọ́. Ọdún kan sí èkejì, àwọ̀ kan náà lè máa ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ìsopọ̀ bá di dandan, kẹ́ ẹ fi léèdì jó o, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà tó ń sún kì bò ó. Lọ́rùn lọ́rùn àti tépù dúdú lásán kò ní ju ọdún kan lọ lábẹ́ ooru tọ́bò.

Ó wá kan ikú ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn. Nínú Golf 4, kọ́kọ́rọ́ ní ṣíìpù kan nínú, mítà dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń kà á, mítà ló sì ń sọ fún bréènbọ́ọ̀sì pé ọmọ ilé ni. Bí bréènbọ́ọ̀sì bá jẹ́ àlejò sí mítà, yóò gbà kí ẹ́ńjìn dún, yóò sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní epo ni, á pààrọ̀ pọ́ḿpù epo, á ní púlọ́ọ̀gì ni, á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Owó ń lọ, adìẹ ń bọ̀.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pọ̀. Ẹ gbé mítà ọkọ̀ kejì sí dáṣíbọ́ọ̀dù yín, ẹ yọ ṣíìpù inú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi sínú kọ́kọ́rọ́ yín àtijọ́ kí ó lè máa ṣí ilẹ̀kùn kan náà. Bí ẹ kò bá rí mítà rà, ẹ ó nílò nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì mẹ́rin ti ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ fi VCDS fi ojú wọn mọ ara wọn. Bó bá jẹ́ mítà ọkọ̀ kejì ni ẹ lò, nọ́ńbà kìlómítà tí ẹ ó máa rí láti ọjọ́ yìí lọ, ti ọkọ̀ kejì ni. Ẹ kọ ti àtijọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀, kí ẹni tí ẹ bá tà á fún má baà pè yín ní onírẹ́jẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì. Iná ẹ́ńjìn tàn. Bí àmì kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí mítà yín, ó tàn, ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, immobilizer kò tíì gbà. VCDS wọ ojúlé 01 àti 17 láì rí kóòdù immobilizer. Lẹ́yìn náà, láì sítáàtì, ẹ wọ Basic Settings, group 060, kí ẹnu afẹ́fẹ́ kọ́ ibi tí òun ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí òun ń parí sí. Ẹ ó gbọ́ ọ bó ti ń kùn.

Ìpele 6: Afẹ́fẹ́, omi, sílẹ́ńsà

Intercooler ń gbé apá ọ̀tún, lẹ́yìn bọ́ńpà, níwájú táyà. Hóòsì kọ̀ọ̀kan, kílípù tuntun. Ẹ má fi wáyà lásán so ó. Hóòsì tín-ín-rín rọ́bà tó bá ti sán, ẹ gé e dànù, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà so wọ́n lódì.

Tẹmọ́sítáàtì kò gbọdọ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé àṣà ibí ni láti yọ ọ́ sọnù kí ọkọ̀ má baà gbóná. Láì sí i, ẹ́ńjìn kò ní gbóná dé ibi tó yẹ, bréènbọ́ọ̀sì á máa da epo púpọ̀ sí i bíi pé àárọ̀ ọyẹ́ ni, epo á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ihò písítìnnì. Omi kànga náà kò yẹ níbẹ̀. Kúláǹtì tí wọ́n fi omi tó mọ́ lú ni kí ẹ lò.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló sì máa bá yín ṣe é. Ẹ wá ìdérí ọ̀rá tó bá hóòsì ẹnu tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí i, ẹ fi ẹnu fáàfù táyà sínú ihò náà, kẹ́ ẹ fi kílípù dì í mọ́ hóòsì pinpin. Kí fọganáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, díẹ̀díẹ̀, 10 sí 15 psi, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ wọ́n gbogbo ìsopọ̀. Ibi tó bá ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń sá lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí ibi tó ń hó, kò sí omi tó ń kán.

Ìpele 7: Sísítáàtì àkọ́kọ́

Ọ́ìlì 5W-40 síńtẹ́tíìkì tí VW 502 00 wà lára ike rẹ̀, bíi lítà 4.5, kí ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì sì ṣe ìdájọ́. Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá ní etí títì kì í ṣe fún tọ́bò.

Ẹ tú páìpù ọ́ìlì orí tọ́bò, ẹ da ọ́ìlì mímọ́ díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí abẹ rẹ̀, ẹ dá páìpù padà. Ẹ yọ ẹnu wáyà kóìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ti ìnjẹ́kítọ̀. Ẹ wá fi sítátà yí ẹ́ńjìn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún yí i, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Ẹni tó bá fo èyí, tọ́bò rẹ̀ yóò fi ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yí ní gbígbẹ, èéfín búlúù á sì ti máa jáde kí oṣù tó parí.

Ẹ dá wáyà padà, ẹ sítáàtì. Ẹ má tẹ tọ̀rọ́tù. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló fẹ́ gbọ́ ohùn tọ́bò lásìkò yìí. Ẹ lé wọn kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ títí fáànù yóò fi ṣí fúnra rẹ̀ tí yóò sì tún kú, ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: èéfín búlúù tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó ní òórùn dídùn, omi ni. Bó bá ń fò bí ẹni tó ń tiro, ẹ wo kóìlì kó tó di nǹkan mìíràn; kóìlì ẹ́ńjìn yìí ní orúkọ burúkú káàkiri ayé.

Ìpele 8: Búréèkì kí ó tó di ọ̀nà

Ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 115 ni búréèkì yẹn ń dá dúró tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé búréèkì iwájú ọkọ̀ kejì sí i, pẹ̀lú díìsì àti ohun tó gbé e dúró, páàdì tuntun, omi búréèkì tuntun. Bóòtù táyà, 120 Nm. Mo mọ ẹni tó fi búréèkì sílẹ̀ di “oṣù tó ń bọ̀”. Kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ló bá a dá ọkọ̀ náà dúró.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn lọ sí Ìyìn kẹ́ ẹ padà, jẹ́jẹ́. Ẹ dé, ẹ yẹ abẹ́ wò, ẹ ka kóòdù. Lẹ́yìn bíi 300 kìlómítà, ẹ gba Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ, kẹ́ ẹ kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kò sí ibi tó dára jù ú lọ láti mọ̀ bóyá tọ́bò ń ṣiṣẹ́: òkè gígùn, ẹrù díẹ̀ lẹ́yìn, gíà kẹta. Kí ẹnìkejì di kọ̀ǹpútà mú, kó ṣí group 115. Nọ́ńbà méjì ni kó máa wò, afẹ́fẹ́ tí bréènbọ́ọ̀sì ń béèrè àti èyí tó ń rí. Bí èkejì bá ń rọ̀ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, hóòsì kan ń jò. Kóòdù P1297 sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó ti yọ pátápátá. Bó bá ga ju èyí tó béèrè lọ, ẹ wo fáàfù N75, èyí tó ń darí agbára tọ́bò, àti hóòsì tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ ṣí group 020 náà. Bí tàímìnnì iná púlọ́ọ̀gì bá ń fà sẹ́yìn gidi nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, epo tó wà nínú táǹkì ni ẹjọ́ ń bá. Ẹ má ra epo inú jálá fún ọkọ̀ yìí.

Ẹnì kan máa wá bá yín pé òun lè fi sọ́fítíwia sọ 180 di 220 nínú wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe é fún ẹlòmíràn ná, lórí epo tí a ń rà níbí.

Bí ẹ bá gun òkè dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á. Tọ́bò ṣì ń yí, ó ṣì gbóná janjan, ọ́ìlì tó ń tutù ú sì máa ń dúró ní kété tí ẹ bá ti pa ọkọ̀.

Ìpele 9: Ìwé

Nọ́ńbà ẹ́ńjìn àtijọ́ ṣì wà lórí ìwé ọkọ̀ yín. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà méjì kò bá bára mu, ẹni tó jí ẹ́ńjìn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè yín. Ẹ mú risíìtì yẹn, ẹ lọ búra ní kóòtù kí ẹ gba àfídéfíìtì pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìn, kẹ́ ẹ kó méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà padà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára bulọ́ọ̀kù sínú fóònù yín, torí pé lẹ́yìn tí páìpù àti wáyà bá ti bò ó, ẹ ó nílò dígí àti tọ́ọ̀ṣì láti tún rí i.

Ní 1,000 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ gé fílítà àtijọ́ sí méjì pẹ̀lú ayùn irin, kẹ́ ẹ tẹ́ bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Bó bá jẹ́ dúdú lásán ni, ẹ máa wakọ̀ yín lọ. Bí irin bá ń dán nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, ẹ má tún sítáàtì, ẹ pè mí.